Àgbo Tó Gba Ẹnu Géètì Wọlé

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá Sójà kọ́ mi nídìí iṣẹ́ géètì ni pé kí n máa fura sí ẹni tó bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo wọ yunifọ́ọ̀mù ni. Aṣọ náà tóbi jù mí lọ, fìlà rẹ̀ sì ń bọ́ sí mi lójú. Òṣìṣẹ́ kan gun ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀ láti inú ọgbà, ó ń lọ sílé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bèèrè àlàáfíà ìyàwó mi, ó bèèrè ti àwọn ọmọ, ó tún ní kí n bá òun kí gbogbo ará ilé. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti di èèyàn pàtàkì. Bàbá Sójà ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí ìjókòó ọ̀kadà náà sókè, la bá bá ẹja lílọ̀ tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá lábẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí fún mi. "Kò mọ orúkọ ìyàwó rẹ, ó ń bèèrè àlàáfíà rẹ̀."

Oúnjẹ adìyẹ la ń lọ̀ nílé iṣẹ́ yẹn, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Olódò lọ sí ìhà Ẹgbẹ́dá. Àgbàdo, sóyà, kúlíkúlí, eèrí àti ẹja gbígbẹ ni ẹ̀rọ ń lọ̀ pọ̀. Ẹja yìí ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, òun náà sì ni ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń yá sí. Bàbá Sójà, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ológun kí wọ́n tó wá fi ọjọ́ ogbó ṣọ́ géètì, máa ń sọ fún mi pé, "Imú ni kí o fi ṣọ́ ọ̀nà. Ojú máa ń tijú èèyàn, imú kì í tijú ẹnì kankan." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti rí obìnrin tó lóyún kúlíkúlí rí. Oyún náà kò sí níbẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó ń wọlé, àmọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Mo kí i kú ewu, mo sì ní kó jẹ́ ká gbà á sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Sójà jáde láyé, èmi ni mo di Bàbá Géètì. Àwọn kan ń pè mí ní Onífura lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Ìfura loògùn àgbà, mi ò sì ka orúkọ yẹn sí èébú. Ẹni tó bá fẹ́ fọkàn tán gbogbo ayé, kó lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Àlájà ló ni ilé iṣẹ́ náà. Àgò adìyẹ mélòó kan lẹ́yìn ilé ọkọ wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n ra ẹ̀rọ, kó tó di pé wọ́n ra ilẹ̀. Inú ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, Ọ̀gá Fẹ́mi, tó jẹ́ mánijà, ló ń bá wọn darí ọgbà. Òfin Àlájà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mọ owó: ọtí ò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà, ìbáà ṣe ọjọ́ iṣẹ́, ìbáà ṣe ọjọ́ ọdún. Èmi ni wọ́n fi òfin náà lé lọ́wọ́. Mo ti dá ìgò padà lẹ́nu géètì lọ́wọ́ awakọ̀ tírélà, mo dá a padà lọ́wọ́ oníbàárà, mo dá a padà lọ́wọ́ àbúrò mánijà fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àgbo, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Lágbègbè wa, láti Olódò títí dé Lálúpọn, ọ̀tọ̀ ni ọtí, ọ̀tọ̀ ni àgbo. Ẹni tí kò ní jẹ́ kí ìgò bíà gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá, ẹ ó bá a lọ́dọ̀ alágbo ní kùtùkùtù, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, tàbí pé jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu. Alágbo á bi í pé, "Ti olómi ni àbí ti ọlọ́tí?" Òun á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Ẹ ṣáà fún mi ní èyí tó máa ṣiṣẹ́." Èyí tó máa ṣiṣẹ́ yẹn, ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò inú rẹ̀. Ó mọ̀, alágbo mọ̀, ẹni tó dúró tẹ̀ lé e sì mọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ní kó búra pé òun ò mutí, kíá ni yóò búra, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Mùsùlùmí ń ṣe é, onígbàgbọ́ ń ṣe é. Ìjọ Aládùúrà lèmi wà, àdúrà àti omi là ń lò níbẹ̀, a kì í lo egbò kankan. Síbẹ̀, mo mọ àwọn alàgbà tí mo máa ń jìnnà sí díẹ̀ bí wọ́n bá ń kí mi káàárọ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ọjọ́ àjọyọ̀ òpin ọdún ilé iṣẹ́ wa. Ọyẹ́ ti mú. Àlájà wá láàárọ̀, wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n pín ìrẹsì àti òróró fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n sì padà sílé torí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ wọn ṣẹ́ kọ́nà tán ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan yọ láti ìhà Olódò, Ìyá Alágbo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì. Mo wo kẹ̀kẹ́ náà, mo wo ọ̀nà tí Àlájà bá lọ. Mo ní nínú ara mi pé ẹni kan ti ń fojú sọ́nà kí Àlájà kúrò níbí.

Mo ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì kan. Òórùn tó jáde níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fìlà lórí mi.

"Ìyá, ọtí nìyí."

"Áà, bàbá, àgbo ni," ni Ìyá Alágbo wí. "Ọ̀gá yín ló ní kí n kó o wá. Wọ́n ní ti ọlọ́tí nìkan ni kí n kó, pé ti olómi kì í ṣe nǹkan kan fún àwọn."

Ọ̀gá Fẹ́mi ti ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mánijà kì í dé ẹnu géètì lásán.

"Bàbá Géètì, ẹ jẹ́ kó wọlé. Oògùn ni."

"Ọ̀gá, Àlájà ní kí ọtí má wọlé."

"Ṣé Àlájà ní kí oògùn má wọlé? Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti fi gbogbo ọdún ru àpò. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n."

"Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n lórí fóònù, ká bi wọ́n."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá, ta ni mánijà níbí?"

Òun ni mánijà. Kẹ̀kẹ́ wọlé.

Láti ìdí géètì, mo ń gbọ́ orin, mo ń gbọ́ ariwo, òórùn ìrẹsì sì ń wá bá mi. Ìgò bíà kan ṣoṣo kò sí nínú ọgbà lọ́jọ́ yẹn, òfin Àlájà dúró ṣinṣin. Ife kékeré ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ Ìyá Alágbo, wọ́n ń dà á sọ́fun, wọ́n ń fajú ro bí ẹni tó ń lo oògùn, wọ́n tún ń padà lọ gba òmíràn. Mi ò tíì rí ibi tí ìlera ti wu èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mùráínà wà lára wọn. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́, tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Lálúpọn lọ tó sì ń gbé wọn bọ̀. Ọmọ Lálúpọn ni òun náà, òun sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, ohùn rẹ̀ ló ń jí wọn sí ìrun àárọ̀. Nínú gbogbo ẹni tó ń gba ẹnu géètì mi kọjá, òun nìkan ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má fura sí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìkíni nìkan ló máa ń sọ fún mi, ó sì máa ń ṣí bọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó bèèrè.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, bọ́ọ̀sì dé ẹnu géètì, àwọn èèyàn kún inú rẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ó fọn fèrè lemọ́lemọ́. Mùráínà yọ orí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Onífura! Bàbá wa! Ẹ ṣí i fún wa, àbí ẹ tún fẹ́ wo inú ikùn wa ni?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mùráínà tí kì í pè mí ní ohun mìíràn ju bàbá lọ! Mo lọ bá a lójú fèrèsé, mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wá ilẹ̀ kó tó rí i. Òórùn kẹ́ẹ̀gì yẹn ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"O ò lè wa ọkọ̀ yìí," ni mo wí. "Wá jókòó sọ́dọ̀ mi níbí."

"Bàbá, kí ni mo ṣe? Mi ò mutí o. Àgbo ni mo lò."

Mo ti kọ́kọ́rọ́ géètì bọ àpò. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú. Ni Ọ̀gá Fẹ́mi bá dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí.

"Ọ̀gá, ara awakọ̀ yìí kò dá," ni mo wí. "Ẹ bá wọn wá ọkọ̀ mìíràn."

"Àgbo lásán ló mu. Ẹ ṣí géètì, Bàbá. Àwọn èèyàn fẹ́ relé."

"Ọ̀gá..."

"Mo ní ẹ ṣí i!"

Mo ṣí i. Mo dúró lójú títì, mo ń wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà títí ó fi wọ inú erukuru ọyẹ́.

Ní kọ́nà tí wọ́n fi ń wọ Lálúpọn, bọ́ọ̀sì náà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì wọ inú àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ló pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. Ìyá Ṣìkírá, àgbàlagbà obìnrin kan, ló wà nídìí agbada gàrí nígbà náà. Àtíbàbà wó lù wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún sì dá. Àánú Ọlọ́run ni pé iná agbada kò dà lé wọn lórí. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ fara bó, wọ́n fara gbọgbẹ́, kò sí ẹni tó kú. Àwọn ọlọ́pàá mú Mùráínà lọ.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ọ̀gá Fẹ́mi ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹnikẹ́ni tó lọ. Èmi rò pé ó lọ ṣe onídùúró fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá Mùráínà tó lọ ṣe onídùúró rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní Ọ̀gá Fẹ́mi fi ọwọ́ lé Mùráínà léjìká, ó ní, "Ṣáà sọ òótọ́ fún wọn. Ṣebí o kì í mutí?"

"Mi ò mutí rí láyé mi," ni Mùráínà dáhùn, ó sì fi Àlùkùránì búra níwájú ọlọ́pàá.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe de okùn náà. Bí kò bá mutí, a jẹ́ pé àjọyọ̀ kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n yẹ búréèkì wò, búréèkì mú. Ta ló wá kù? Mùráínà nìkan, aláìbìkítà tó ń sùn nídìí ọkọ̀. Ọ̀gá Fẹ́mi pe gbogbo wa jọ, ó ní iṣẹ́ ti tán lọ́jọ́ yẹn, àjọyọ̀ náà sì ti parí, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú títì lẹ́yìn ìyẹn kò kan ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti ẹni tó kọlù ni. Wọ́n ní kí Mùráínà jókòó sílé. Ìyàwó rẹ̀, Rísìkátù, ló ń gbé oúnjẹ lọ bá Ìyá Ṣìkírá ní ọsibítù lójoojúmọ́, tí àwọn ọmọ ìyá náà ń fi ojú burúkú wò ó.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí mánijà fi gbé aṣọ òjò tuntun wá fún mi. Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún aṣọ òjò láti ayé Bàbá Sójà. Nínú ọyẹ́ gangan, tí ètè gbogbo wa ń là, ni aṣọ òjò dé!

"Bàbá, ẹ ṣeun fún gbogbo làálàá yín," ni Ọ̀gá Fẹ́mi wí. "Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo rántí ọ̀kadà ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún bíi mélòó kan, Ọ̀gá Fẹ́mi náà sì wá síbi ìsìnkú rẹ̀.

"Wọ́n wà, Ọ̀gá."

"Kò sí nǹkan tí ẹ rí lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Ọ̀gá, kí n máa rí nǹkan ni iṣẹ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúrò. Mo fi aṣọ òjò náà kọ́ sára ìṣó, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fura sí gbogbo nǹkan. Bí wọ́n bá gbé tíì wá fún mi, mo máa ń dà á sílẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ méjì bá ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí mo yọ, mo mọ̀ pé mánijà ti bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, tí wọ́n kọrin, tí wọ́n mu ju Mùráínà lọ, ẹnu wọn ti di bí ẹnu ẹja. Olúkúlùkù ní òun ò mutí. Bí òun bá ní Mùráínà mutí, kí ni òun alára mu?

Ní ọjọ́ ìsinmi mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lálúpọn. Mùráínà jókòó sẹ́yìn ilé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù kanlẹ̀. Rísìkátù ń dáná sórí ààrò.

"Mùráínà, ọ̀gá rẹ ń lo ìbúra rẹ láti fi dè ọ́," ni mo wí fún un. "Ohun tí o mu lọ́jọ́ yẹn, ọtí ni."

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá, ta ló rán yín sí mi? Ọ̀gá Fẹ́mi ni, àbí ta? Ẹ fẹ́ kí n sọ pé mo mutí, kí wọ́n lè jù mí sẹ́wọ̀n. Ẹ fẹ́ kí n má lè pe ìrun mọ́."

Ṣé ẹ rí i? Èmi tí gbogbo ayé ń pè ní onífura, wọ́n ń fura sí mi. Inú bí mi, mo fẹ́ dìde. Ni Rísìkátù bá wọlé lọ, ó sì gbé ìgò àgbo ọkọ rẹ̀ jáde, èyí tó máa ń rà lọ́dọ̀ Ìyá Alágbo kan náà. Ó ṣí i, ó da díẹ̀ sínú iná ààrò. Iná náà ru sókè gbùù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o lọ́wọ́.

"Omi kì í jó," ni Rísìkátù wí. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Mùráínà wo iná náà títí. Kò sìn mí sọ́nà. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, mo gbà pé mo ti sọ ọ́ di ọ̀tá.

Nígbà tí wọ́n dá Ìyá Ṣìkírá padà sílé, Ọ̀gá Fẹ́mi dá ìpàdé kan sílẹ̀ ní agboolé wọn. Ó fẹ́ kí Mùráínà tún ìbúra rẹ̀ ṣe níwájú àwọn àgbà àti lèmọ́mù, kí ó sì bẹ àwọn ẹbí, kí wọ́n lè pa ọ̀rọ̀ náà tì sí ọrùn rẹ̀. Wọn ò pè mí síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ Àlájà dúró lẹ́nu géètì.

"Bàbá Géètì, ẹ wọlé, ẹ bá mi dé Lálúpọn," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa."

Mo wọlé. Ìyá tó bí Àlájà, ọmọ Lálúpọn ni. Obìnrin tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ra ẹ̀gẹ́ lọ́jà ibẹ̀ láti kékeré, òun ni kò mọ ọ̀nà? Mo wo ojú wọn nínú dígí ọkọ̀. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan títí a fi dé, èmi náà ò sì sọ nǹkan kan. Mo ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń fura.

Ìyá Ṣìkírá jókòó sórí àga, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n fi píópì dì sórí àpótí. Lèmọ́mù àti àwọn àgbà agboolé wà lórí ẹní. Nígbà tí Ọ̀gá Fẹ́mi rí mi tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Àlájà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìkíni. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àmúwá Ọlọ́run, nípa àìfarabalẹ̀ àwọn awakọ̀ òde òní. Lẹ́yìn náà ó ní kí Mùráínà bọ́ síwájú.

Ìyá Ṣìkírá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ẹsẹ̀ mi ló dá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé. Mo mọ Mùráínà láti kékeré, kò sáré báyìí rí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n fún un jẹ àbí tí wọ́n fún un mu, àti ẹni tó fún un."

"Ìyá, kò mu nǹkan kan," ni Ọ̀gá Fẹ́mi tètè dáhùn. "Mùráínà, búra fún wọn."

Àlùkùránì wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Mùráínà ti ṣe àlùwàlá. Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà dé orí aṣọ, ó sì dúró níbẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wò. Bó bá búra, ó ṣì jẹ́ ládàánì, ṣùgbọ́n òun nìkan ló jẹ̀bi. Bí kò bá búra, gbogbo Lálúpọn á gbọ́. Rísìkátù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọkọ rẹ̀.

Mùráínà ká ọwọ́ kúrò, ó kúnlẹ̀.

"Mo mutí," ló wí. Ohùn rẹ̀, tó máa ń gba gbogbo àdúgbò, kò ju ti ọmọdé lọ. "Mo ń pè é ní àgbo, ọtí ni. Mo sì ti ń mu ún tipẹ́. Ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ forí jì mí, mo ti fi Ìwé Ọlọ́run búra irọ́. Àmọ́ inú ọgbà Àlájà ni mo ti mu tọjọ́ yẹn, ọ̀gá mi ló kó o wá, ọ̀gá mi ló ní kí n máa gbé wọn lọ."

Àwọn àgbà ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mùráínà pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ o, torí kò sí ẹni tó ní kó dìde. Ọ̀gá Fẹ́mi ló kọ́kọ́ pariwo pé irọ́ ni, pé kò sí ọtí tó wọ ọgbà, pé àjọyọ̀ ti parí kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àlájà yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣí géètì. Ta ló ní kí ẹ ṣí i?"

Ojú ń tijú èèyàn lóòótọ́. Ọ̀gá Fẹ́mi tẹjú mọ́ mi, ó sì kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo na ìka sí i.

"Mo sọ fún wọn pé ara Mùráínà kò dá, mo ní kí wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn," ni mo wí. "Wọ́n ní kí n ṣí i. Àwọn náà ni wọ́n ní kí n jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì wọlé lẹ́yìn tí ẹ lọ tán."

Àlájà ò bá mánijà sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n rìn lọ síwájú Ìyá Ṣìkírá, wọ́n sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Inú ilé mi ni wọ́n ti fún un mu," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ mi ló gbé e, òṣìṣẹ́ mi ló ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún un. Ìyá, èmi ni mo ṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́. Síbẹ̀ mi ò tíì gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀pọ̀ olówó ló mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ níwájú èrò. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo ń dọ́gbọ́n lọ sí Lálúpọn, mo ń ṣe bí ẹni tó lọ ra gàrí. Mo rí i pé ilé iṣẹ́ ń gbé Ìyá Ṣìkírá lọ sọ́dọ̀ dókítà títí wọ́n fi fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Mo rí àtíbàbà tuntun, mo fi ọwọ́ mi gbá òpó rẹ̀ wò bóyá ó dúró. Ó dúró. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà.

Ọ̀gá Fẹ́mi kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Láti ìgbà náà, bí àjọyọ̀ kankan bá wà nínú ọgbà, ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ máa ń wà kí wọ́n tó bu oúnjẹ, ọkọ̀ tí wọ́n háyà láti ìta ló sì ń gbé àwọn èèyàn relé. Wọ́n gbé Mùráínà dé iwájú adájọ́, wọ́n sì gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wọn báyìí. Ìyẹn dùn ún ju ti ọkọ̀ lọ, ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Nígbà tí Àlájà bi mí ta ni mo fẹ́ kó gba ipò mi bí mo bá fẹ̀yìn tì, òun ni mo dárúkọ. Wọ́n rò pé àánú ló ṣe mí. Kì í ṣe àánú. Ẹni tó ti tan ara rẹ̀ jẹ rí, tó sì mọ̀ pé òun tan ara òun jẹ, kì í rọrùn láti tàn.

Mo fi gbogbo nǹkan hàn án, ibi tí wọ́n ń fi ẹja pa mọ́ sí, bí oyún kúlíkúlí ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ tí mo lọ pátápátá, àwọn òṣìṣẹ́ ti kí mi tán, mo gbé báàgì mi àti fúláàsì tíì mi, mo ń bọ̀ lẹ́nu géètì. Aṣọ òjò yẹn ṣì wà lára ìṣó. Mùráínà dìde, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tóbi jù ú lọ.

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo bèèrè àlàáfíà Rísìkátù, mo bèèrè ti àwọn ọmọ, mo ní kó bá mi kí gbogbo ará Lálúpọn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba báàgì mi, ó tú u wò dé ìsàlẹ̀. Ó gba fúláàsì lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó fi imú sí i, ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, kó tó dé e padà.

"Ẹ máa lọ, bàbá," ló wí, ó sì ṣí géètì fún mi.